Kí ló dé tí "has travelled" kò fi lè bá "last week" gbé?

Ọmọ_Arówómọ́lé | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé tíṣà pọ̀ láàárín wa. Àbúrò mi obìnrin wà ní SS 2 níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ wọn kan, ó sì kọ ọ́ báyìí: "My father has travelled to Oyo last week and he has not come back." Tíṣà fi bírò pupa fa igi la "has travelled" kọjá, ó kọ "travelled" sókè rẹ̀, kò sọ ìdí. Kò sì fọwọ́ kan "has not come back".

Nínú nóòtù tí tíṣà yìí kan náà fún wọn, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé present perfect (irú "has travelled" yẹn) ni wọ́n ń lò fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tí àbájáde rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bàbá wa sì rèé, Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà bí mo ṣe ń tẹ èyí. Àbájáde wo ló tún kù? Tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá pé "Bàbá mi ti lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá," ẹnikẹ́ni ò ní bi mí ní nǹkan kan. Ẹ bá mi là á yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Adé_UnderG | 8:19 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Ẹ má bínú, ẹnu ló ń yún mi. Mo jókòó, mo ń retí àwọn àgbà.

Ìyá_Elélùbọ́ | 8:31 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó kọ yẹn, ṣé ó yé yín àbí kò yé yín? Ó yé èmi tí mò ń ta èlùbọ́. Bàbá ti lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lọ, wọn ò tíì dé. Ẹni tó bá sì mọ títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ dáadáa ò ní bá wọn wí pé wọn ò tètè padà. Kí ni bírò pupa ń wá níbẹ̀?

Tíṣà_Lẹ́sìnnì | 9:02 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ, ó yé èèyàn. Ṣùgbọ́n ìdánwò kì í béèrè bóyá ó yé èèyàn nìkan. Àròkọ WAEC, máàkì 50 ni: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 tó kù wá wà fún ìpéye gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Nínú 10 ìkẹyìn yẹn, ààbọ̀ máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ọmọ tó bá ń kọ irú èyí lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ó tó kọ "yours sincerely", ó ti jẹ máàkì rẹ̀ tán.

Ọmọ_Arówómọ́lé, ìbéèrè rẹ mọ́gbọ́n wá. Ọ̀rọ̀ "àbájáde" tó wà nínú nóòtù yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀ ni pé present perfect, pẹ̀lú bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ohun tó ti kọjá, òní ló dúró sí. Wo "has" tó wà níwájú rẹ̀. Òní ni "has", kì í ṣe àná. Nítorí náà, ìgbà tí o bá máa dárúkọ pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbà tí a ṣì wà nínú rẹ̀.

Fi í wé ọjà. "Today", "this week", "this year" jẹ́ ọjà tí wọ́n ṣì ń ná lọ́wọ́: o lè sọ pé "I have bought three things today", torí o ṣì lè ra ìkẹrin. "Yesterday", "last week", "in 2019", "three years ago", "when I was in primary school", ọjà tó ti tú ni gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ń ná ọjà tó ti tú. Simple past ni wọ́n ń bá lọ: "I bought three things yesterday."

Kò kan bí àbájáde ṣe pọ̀ tó. Bàbá yín ì bá à kọ́lé sí Ọ̀yọ́, bí o bá ti dárúkọ "last week", "travelled" ni. Bí o bá fẹ́ kí àbájáde náà hàn, yọ ìgbà kúrò: "My father has travelled to Oyo." Kí o wá fi gbólóhùn kejì sọ ìgbà: "He left last week." Ìdí nìyẹn tí tíṣà ò fi fọwọ́ kan "has not come back". Kò sí ọjọ́ kankan lára ìyẹn, títí di ìsinsìnyí ló ń bá a lọ.

Ọmọ_Arówómọ́lé | 9:20 alẹ́

Tíṣà, ẹ ṣeun, ó ti ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kù kan. "This morning" ńkọ́? Mo ti gbọ́ "I have seen him this morning", mo sì ti gbọ́ "I saw him this morning", àtẹnu ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni méjèèjì. Ṣé ọjà yẹn tú àbí kò tú?

Tíṣà_Lẹ́sìnnì | 9:34 alẹ́

Aago ọwọ́ rẹ ló máa dá ọ lóhùn. Bí nọ́ọ̀sì méjì bá ń sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀kan á ní "Has the doctor come this morning?" Àárọ̀ ò tíì tán, dókítà ṣì lè yọ. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, "Did the doctor come this morning?" ló máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ ìgbà ti yí padà lábẹ́ rẹ̀. "This week" náà bẹ́ẹ̀, "this term" náà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tún máa ń dà wọ́n rú ni ọjọ́ tí kò ní orúkọ. "I have met him on Sunday" kò dára, torí Sunday kan pàtó lò ń sọ. "I have met him on a Sunday" dára, torí kò sẹ́ni tó mọ Sunday wo. Bẹ́ẹ̀ náà ni "I have eaten àmàlà at midnight": mo ti ṣe é rí, mi ò sọ òru ọjọ́ wo. Fi "last night" rọ́pò "at midnight", ó ti bàjẹ́.

Adé_UnderG | 9:41 alẹ́

Tíṣà, "since" ńkọ́? Tó bá kọ ọ́ pé "since last week"?

Tíṣà_Lẹ́sìnnì | 9:47 alẹ́

Èyí tí ì bá gba máàkì jù nìyẹn! "My father has been in Oyo since last week." "Since" máa ń mú ìgbà tó ti tú, á fà á wá dé òní, òní la sì ń fẹ́. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé mo yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà. Ẹ ò lè sọ pé "has travelled to Oyo since last week", torí lílọ kì í gba ọ̀sẹ̀ kan, wíwà níbẹ̀ ló ń gbà á. Ẹ má sì kọ "is in Oyo since last week". Ìyẹn náà pọ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ wa.

Akọ̀wé_Ìròyìn | 10:05 alẹ́

Mo ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn fún ọdún pípẹ́ kí n tó padà sílé, ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Ohun tí Tíṣà ní kí ọmọ náà ṣe, kó yọ ìgbà kúrò nínú ti àkọ́kọ́, kó fi gbólóhùn kejì sọ ọ́, ọwọ́ tí a fi ń kọ ìròyìn lójoojúmọ́ nìyẹn. Gbólóhùn àkọ́kọ́, present perfect, kò sí ọjọ́ níbẹ̀, ariwo ni. Gbólóhùn kejì, ọjọ́ àti wákàtí, simple past. Nígbà tí Ṣọ̀ún Ọba Jimoh Oyewumi Ajagungbade Kẹta lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí ni pé "The Soun of Ogbomoso has died. The monarch, who ascended the throne in 1973, died on Sunday." Ẹ wo bí "has died" ṣe di "died" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí "Sunday" dé. Kò sí olóòtú tó máa jẹ́ kí "has died on Sunday" kọjá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá_Elélùbọ́ | 10:11 alẹ́

Akọ̀wé, ọba kì í kú. Wọ́n wàjà. Ẹ̀yin oníròyìn yìí náà.

Akọ̀wé_Ìròyìn | 10:13 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé "has joined his ancestors", kó wá di "joined his ancestors on Sunday". Òfin náà ò yí padà.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_ní_Jámánì | 11:26 alẹ́

Ẹ kúulé o. Mo kàn ní kí n sọ fún Ọmọ_Arówómọ́lé pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Níbí, tí mo bá fẹ́ sọ pé mo rí ọkùnrin kan lánàá, "Ich habe ihn gestern gesehen" ni. "Habe" yẹn ni "have", "gesehen" ni "seen", "gestern" ni "yesterday". Ó dán mọ́rán. Faransé náà: "Je l'ai vu hier." Ọ̀rẹ́ mi ará Jámánì tí à ń jọ ṣiṣẹ́, "I have seen him yesterday" lòun náà ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ ní ibi yòókù.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti fi orí wọn lù ú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Wolfgang Klein, kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 1992, àdììtú ló pè é. Bí èmi ṣe lóye rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé gbólóhùn kan ò lè so ara rẹ̀ mọ́ ìgbà pàtó méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Has" ti so ó mọ́ ìsinsìnyí, "last week" tún ń fà á lọ síbòmíràn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹ mú "has" kúrò, kí ẹ fi "must have" síbẹ̀: "He must have travelled last week." Ó tọ́! "He may have travelled last week." Ó tọ́! "He claims to have seen my father yesterday." Ó tọ́! "Having seen him yesterday, I did not call today." Ó tọ́ bákan náà! "Have" wà nínú gbogbo wọn, "yesterday" wà níbẹ̀, kò sì sí ìjà. Torí pé lẹ́yìn "must" tàbí "to", "have" yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí mọ́. Òfin náà ò bá gbogbo "have" jà. Ìgbà tó bá ti jẹ́ "have" tàbí "has" tó ń dá dúró fún òní ló ń bá jà. Ẹni tó bá kàn há a sórí pé "have àti yesterday kì í bára wọn gbé" máa fi igi la ohun tó tọ́ kọjá.

Tíṣà_Lẹ́sìnnì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_ní_Jámánì, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo ti rí tíṣà tó fi igi la "must have left yesterday" kọjá. Mo máa mú èyí lọ sí lẹ́sìnnì lónìí. Ẹ fi "had" náà kún un: "I had seen him on Monday" kò ní wàhálà kankan.

Ajé_Japa | 9:15 àárọ̀

Ẹ bá mi yanjú tèmi. IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ni mò ń múra sílẹ̀ fún. Mo ń fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo sì ń gbé e fún ẹ̀gbọ́n kan gbọ́. Wọ́n ní kí n mójú tó gbólóhùn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀: "I have graduated from LAUTECH in 2019." Wọ́n ní ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń ṣí ẹnu nìyẹn. Kí ni ká sọ?

Tíṣà_Lẹ́sìnnì | 9:40 àárọ̀

"I graduated from LAUTECH in 2019." Ó tán. Tàbí kí o sọ "I have been a graduate since 2019", ṣùgbọ́n ìyẹn dà bí ẹni tó ń ṣakọ.

Inú abala kejì ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ni kí o ti ṣọ́ra jù. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń fún ọ láti ronú, o ó wá sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n á ní kí o sọ ìrìn àjò kan tó dùn mọ́ ọ. Ìtàn nìyẹn. O lè fi present perfect ṣí i: "I have been to Oyo many times, but the trip I remember best was in 2021." Láti ibi tí o bá ti dárúkọ 2021, má tún padà sí "have": "We went to the palace, we waited, my uncle argued with the driver." Gírámà jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ ẹnu, pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn, bí o ṣe ń yan ọ̀rọ̀, àti bí o ṣe ń pè é. Ọgbọọgba sì ni ìpín wọn.

Bọ́ọ̀lù_Nìkan | 12:30 ọ̀sán

Ẹ̀yin tíṣà, mo ní ẹjọ́. Àwọn òyìnbó gan-an ń ṣe é. Ẹ lọ sí ibi ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Under G lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ gbọ́ àgbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tó ń tú góòlù palẹ̀ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀: "He's picked it up here, he's gone past two, he's looked up and he's put it in the corner." Góòlù tó ti wọlé láti ìṣẹ́jú 12! Kí ló dé tí kò fi sọ "he picked it up, he went past two"? Ṣé bírò pupa kì í dé ibẹ̀ ni?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_ní_Jámánì | 1:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, wọ́n ti kíyè sí i. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba ń fi í sọ ìtàn, torí fídíò ń lọ lójú wọn, bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ọsirélíà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ máa ń fi ròyìn ọ̀ràn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọjọ́ lára rẹ̀. Àmọ́ ẹnu ni o. Bí àgbábọ́ọ̀lù yẹn bá jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, "picked" ló máa kọ. Amẹ́ríkà ní tiwọn ń gba ọ̀nà kejì. Níbi tí ará Ìlú Ọba ti ní "I've already eaten", àwọn á ní "I already ate", bẹ́ẹ̀ náà ni "Did you eat yet?"

Bọ́ọ̀lù_Nìkan | 1:11 ọ̀sán

Nítorí náà, bí mo bá jẹ́ àgbábọ́ọ̀lù, mo lè wí i bó ṣe wù mí. Ó dáa. Mo ti gbọ́.

Olùkọ́_Yorùbá | 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ti jẹ́ kí n tẹ́tí pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi kan, torí mo rí i pé ẹ ti ń fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ ka Yorùbá lórí.

"Ti" wa kì í ṣe "have". Olùrànlọ́wọ́ tó ń fi ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ àṣetán hàn ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ pé nǹkan ti parí kí ó tó di ìgbà tí à ń sọ. Ìgbà wo ni à ń sọ? Kò kàn án. Ẹ wò ó: "Wọ́n ti jẹun" lè jẹ́ ti òní. "Nígbà tí mo dé ilé lánàá, wọ́n ti jẹun" jẹ́ ti àná. "Kí o tó dé lọ́la, wọ́n á ti jẹun" jẹ́ ti ọ̀la. "Ti" kan ṣoṣo ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: "have eaten", "had eaten", "will have eaten". Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé "ti" ni "have" máa kọ "When I got home yesterday, they have eaten." Àṣìṣe yìí pọ̀ ju ti "last week" lọ, mo rí i lójoojúmọ́, orí kan náà ni méjèèjì sì ti wá.

Nǹkan kejì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni Yorùbá ń fi "ti" sí ọ̀rọ̀ àná. Bí o bá kàn fẹ́ ròyìn, "Mo rí i lánàá" lo máa sọ, láìsí "ti". Ìgbà wo wá lo máa ń sọ "Mo ti rí i lánàá"? Ìgbà tí ẹnì kan bá ní kí o lọ rí i lónìí. "Lọ rí kàfíńtà yẹn." "Mo ti rí i lánàá." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé má rán mi mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí "ti" ń ṣe níbẹ̀, "already" ló ń ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì: "I already saw him yesterday." Nítorí náà, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé Yorùbá ló bà wọ́n jẹ́. Yorùbá wọn mọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹni tó bá bi ara rẹ̀ pé kí ni "ti" yìí ń ṣe níhìn-ín, kó tó tú u, kò ní ṣi "have" lò.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá tilẹ̀ pe àsìkò wa tí kì í ṣe ọjọ́ iwájú ní afànámónìí. Ó ń fa àná mọ́ òní. Ẹ ò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń ya àná sọ́tọ̀, kì í ṣe àwa.

Adé_UnderG | 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bàbá mi ń san owó lẹ́sìnnì nígbà yẹn o.

Akọ̀wé_Ìròyìn | 5:30 ìrọ̀lẹ́

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èyí rán mi létí nǹkan kan tí wọ́n kọ́ wa. Yàtọ̀ sí ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bíi "has died" yẹn, bí ẹni tí à ń sọ bá ti jáde láyé, present perfect ò sábà gbé ohun tó ṣe mọ́, kódà láìsí ọjọ́ kankan níbẹ̀. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú wa tó jẹ́ Premier Western Region, wọ́n pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966. O ò lè kọ ọ́ lónìí pé "Akintola has governed the Western Region." "Governed" ni. Àmọ́ o lè kọ "Ogbomoso has produced a Premier", torí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà, ó sì lè bí òmíràn. Ẹni tí gbólóhùn dá lé lórí ló ń pinnu rẹ̀. Fi "in 1959" sí i wàyí, ọdún tó di Premier, gbogbo rẹ̀ tún padà sí simple past: "Ogbomoso produced a Premier in 1959."

Ọmọ_Arówómọ́lé | 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ìyẹn wọ̀ mí lára. Ó túmọ̀ sí pé ìgbà tó ṣí sílẹ̀ nìkan kọ́, ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣì lè ṣe é.

Akọ̀wé_Ìròyìn | 6:14 ìrọ̀lẹ́

Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹni tàbí nǹkan náà gbọ́dọ̀ ṣì wà níbi tí irú rẹ̀ ti lè tún ṣẹlẹ̀.

Gbẹ̀nu_Sọ̀rọ̀ | 7:45 alẹ́

Èmi ò gbà pẹ̀lú yín. Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wà, a sì pọ̀ gan-an. Bí mílíọ̀nù èèyàn bá ń sọ "I have seen him yesterday" tó sì yé wọn, èdè ni, kì í ṣe àṣìṣe. Ta ló fi Ìlú Ọba ṣe adájọ́ lórí wa? Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_ní_Jámánì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọlọ́pàá Ọsirélíà ń ṣe é. Bí Ọsirélíà bá ṣe é, àwọn ọ̀mọ̀wé á kọ̀wé lé e lórí. Bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá ṣe é, bírò pupa.

Tíṣà_Lẹ́sìnnì | 8:20 alẹ́

Mi ò bá ọ jiyàn lórí èyí tó kẹ́yìn yẹn, ó dùn mí bó ṣe dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá Ọsirélíà yẹn kì í kọ WAEC. Ọmọ tí mò ń kọ́ máa kọ ọ́ ní oṣù Karùn-ún, ìwé tí wọ́n fi ń máàkì rẹ̀ kò ní dúró de ìjà tiwa. Ní ilé, lọ́jà, nínú mọ́tò, kó sọ ọ́ bó ṣe fẹ́. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kó kọ "saw". Kó mọ méjèèjì, kó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé.

Gbẹ̀nu_Sọ̀rọ̀ | 8:26 alẹ́

Mo gbọ́ o. Mi ò gbà, àmọ́ mo gbọ́.

Ìyá_Elélùbọ́ | 8:52 alẹ́

Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ wá ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ̀wé wáṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlọrin, ó kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó fi ìwé náà hàn mí pé "I have worked there for six years." Mo wò ó, mi ò rí "last week", mi ò rí "yesterday". "For six years" ni mo rí, ẹ ò sì sọ èyí tó ń bá rìn. Ṣé kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Tíṣà_Lẹ́sìnnì | 9:10 alẹ́

Ìyá wa, ẹ ti ká mi mọ́, torí mi ò dárúkọ "for" rárá, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. "For" kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó ń bá méjèèjì rìn. "I have worked there for six years" túmọ̀ sí pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn máa rò pé kò tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì lè bi í pé kí ló ń wá níbí. "I worked there for six years" túmọ̀ sí pé ó ti kúrò. Ọ̀rọ̀ ìgbà kankan ò sí níbẹ̀ tó máa ta á lólobó, òun fúnra rẹ̀ ló máa mọ̀ bóyá ó ti kúrò àbí kò tíì kúrò.

Ìyá_Elélùbọ́ | 9:14 alẹ́

Ó ti kúrò. Mo ní kí ó kọ "worked".